Ìyẹ̀fun Àgbọn Tí Mo Ṣe fún Ìyá Mi

Ọjọ́ kẹfà tí ìyá mi kò gbọnsẹ̀ ni mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìsọlọ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ fi ìka méjì tẹ ikùn wọn, ó sì sọ fún mi pé fáíbà ni kò sí níbẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé. Mo ní kí ni fáíbà. Ó ní háhá inú oúnjẹ ni, èyí tí inú kò lè lọ̀ kúnná, tó jẹ́ pé bó ṣe ń lọ ni yóò máa ti ìgbẹ́ síwájú. Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wo ògiri. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn kì í ṣe ewúrẹ́.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó ka ẹ̀wà, ó ka ẹ̀fọ́, ó ka ìbẹ́pẹ, ó wá béèrè bóyá màmá ń mu omi. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní ìgò ńlá kan ni mo máa ń gbé kalẹ̀ fún wọn láràárọ̀, tí mo bá sì dé láti ibi iṣẹ́, ó ti máa ń tán. Ó ní ìyẹn dára. Ìyá mi tún yíjú sí ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ìyá mi jẹ́. Tíṣà ni wọ́n ní Èkìtì kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, irú tíṣà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá wọ kíláàsì, eṣinṣin pàápàá á wá ibi jókòó. Orúnkún méjèèjì ló kọ iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Tí wọ́n bá ti jókòó, wọn ò lè dá dìde mọ́, àfi kí ẹnìkan fà wọ́n lọ́wọ́, kó sì gbé wọn nídìí díẹ̀. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi sì wà ní yunifásítì, ni mo bá lọ kó wọn wá sí fúláàtì mi ní Okota, ní òpópónà kan tó já sí Àgọ́ Palace. Àwa méjèèjì là ń gbé níbẹ̀. Tíṣà lèmi náà, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òṣòdì ni mo ti ń kọ́ni. Kí n tó jáde láàárọ̀, màá gbé wọn lọ tọ̀, màá gbé wọn jókòó sórí àga ní bákónì kí wọ́n lè máa wo ìgboro. Obìnrin aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ máa ń gòkè wá bá mi wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án.

Tó bá di ọjọ́ Sátidé, àdí àgbọn ni mo máa ń ṣe. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ló ń rà á, wọ́n ń fi pa irun. Iṣẹ́ ni o. Èèyàn á fọ́ àgbọn, á fi ọ̀bẹ yọ ẹran rẹ̀ nínú èèpo, á gé e wẹ́wẹ́ sínú bulẹ́ńdà, á da omi gbígbóná sí i, á wá fi aṣọ fún un títí apá á fi fẹ́ yọ. Wàrà tó bá jáde ni à ń sè di àdí. Háhá tó bá ṣẹ́ kù sínú aṣọ, mo máa ń dà á sínú àpò fún ọkùnrin kan ládùúgbò tó ń sin ewúrẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ tí a ti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì dé, mo jókòó ti fóònù mi, mo ń wá ibi tí fáíbà wà. Ẹ ò ní gbà gbọ́. Wọ́n ní háhá àgbọn yẹn gan-an, tí èèyàn bá sá a gbẹ, tó lọ̀ ọ́, ìyẹ̀fun àgbọn nìyẹn. Wọ́n ní fáíbà inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì lọ dáadáa, kì í sì í gbé ṣúgà ara sókè kíákíá bí ẹ̀bà. Àwọn òyìnbó ń fi ṣe kéèkì, wọ́n ń kó o sínú ọ̀rá tó ní àwòrán. Mo wo àpò háhá tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ewúrẹ́ ọkùnrin yẹn ti ń jẹ oúnjẹ àwọn ọlọ́gbọ́n láti ọdún mẹ́ta, a ò sì mọ̀. Àti pé kí n sọ òtítọ́, n kò rí i rí kí ìgbẹ́ dá ọ̀kan nínú àwọn ewúrẹ́ yẹn láàmú. Gbogbo àdúgbò ló lè jẹ́rìí sí i.

Mo sá háhá náà sórí páànù lójú oòrùn títí tó fi ń dún ṣàkàṣàkà lọ́wọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń lọ èlùbọ́ lẹ́bàá ọjà. Ó fi ọwọ́ bù ú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní òróró inú àgbọn á ba ẹ̀rọ òun jẹ́. Mo ní mo ti fún òróró inú rẹ̀ tán. Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ mọ̀. Mo ní kó wo apá mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ̀ ọ́ kí n máa lọ." Ó ní ta ni bàbá mi níbẹ̀. Lóòótọ́, mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ó padà lọ̀ ọ́, àmọ́ èlùbọ́ ẹlòmíì ló lọ̀ ṣáájú tèmi, kò sì nu ẹ̀rọ, torí náà ìyẹ̀fun mi jáde pẹ̀lú dúdú díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, bí orí ẹni tí ewú ò tíì gbà tán.

Ògì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo da ṣíbí méjì sí i, mo rò ó pọ̀, mo gbé e fún wọn, n kò sọ̀rọ̀. Ìyá mi tọ́ ọ wò, wọ́n sì gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Kí ló bọ́ sínú ògì yìí?"

"Àgbọn ni, Màmá."

"Kí ni àgbọn ń wá níbẹ̀?"

"Fáíbà ni. Èyí tí nọ́ọ̀sì sọ."

"Eèrí ni," ni ìyá mi wí.

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí á mọ eèrí. Òun ló ń ṣẹ́ kù sínú asẹ́ tí ògì bá ti lọ sísàlẹ̀. Nílé wa ní Èkìtì, ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀ ló ni ín. Ìyá mi gbé ojú sókè wò mí, pẹ̀lú ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

"Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ògì. Mo ní kí o da eèrí nù. O wá lọ sí yunifásítì, o dé, o ń dà á padà."

Àmọ́ wọ́n mu ògì náà tán, torí pé ìyá mi kì í jẹ́ kí oúnjẹ ṣòfò, kódà bó jẹ́ oúnjẹ tí wọ́n kórìíra.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbìyànjú òkèlè. Ìyẹ̀fun àgbọn kì í ṣe gààrí o. Èèyàn á da omi gbígbóná sí i, ìyẹ̀fun á fà á mu, á tún máa wo èèyàn lójú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀. Mo tún da omi, ó tún fà á mu. Kò dì mọ́ra rárá, àfìgbà tí mo da èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn kó tó gbà kí wọ́n pè é ní òkèlè. Ìyá mi fi ọbẹ̀ ilá jẹ ẹ́. Wọ́n ní tí a bá jẹ ẹ́ kù, kí n má dà á nù, pé ó máa wúlò fún fífọ ìdí ìkòkò.

Ọjọ́ méjì kọjá, ìgbẹ́ ò wá. Mo sọ ọ́ di ṣíbí mẹ́rin. Kò wá. Mo sọ ọ́ di mẹ́fà, mo dà á sógì, mo dà á sẹ́wà, mo fi dín àkàrà. Ẹni bá mọ̀ mí á mọ̀ pé n kì í gba rárá fún ìdáhùn. Ọjọ́ kẹrin, ikùn ìyá mi wú, ó le. Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Mo gbé oúnjẹ dé, wọ́n ní àwọn ti yó, wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, bí tiwọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ikùn wíwú, àìlèjẹun, wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù, inú ti dì, wọn ò fi ẹsẹ̀ ara wọn padà wálé.

A padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó ki oògùn kan sí wọn nídìí kí ara lè tù wọ́n fúngbà díẹ̀. Ó wá béèrè ohun tí mo ń fún wọn jẹ. Mo sọ fún un. Mo tilẹ̀ ń fọ́nnu díẹ̀, torí mo rò pé ó máa yìn mí. Ó ní ìyẹ̀fun àgbọn dára, àmọ́ ṣíbí kan ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe mẹ́fà. Ó ní, "Omi ńkọ́?"

Mo ní, "Mo ti sọ fún yín. Wọ́n ń mu omi."

Ó fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ ìyá mi sókè, ó sì fi í sílẹ̀. Awọ náà dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀nà ilé. Ó ní, "Àǹtí, ìyá yìí ò mumi. Fáíbà tí kò rí omi, bí ẹni da sìmẹ́ǹtì gbígbẹ sínú páìpù ni. Tó bá tún rí báyìí, ẹ má gbé wọn wá síbí o, ọsibítù ńlá ni kí ẹ gbà lọ."

Ara mi gbóná. Mo ní ṣé irọ́ ni mò ń pa ni. Mo ní èmi ni mò ń pọn omi náà sínú ìgò, èmi ni mò ń rí ìgò náà lófìfo, àbí àǹjọ̀nú ló ń mu ún? Mo bojú wo ìyá mi kí wọ́n gbè mí lẹ́sẹ̀. Kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri ni wọ́n ń wò. Mo pòṣé, mo fà wọ́n dìde, a lọ sílé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí mo ń ṣe látọjọ́ yìí nìyẹn. Mo ti fojú ara mi rí ìyẹ̀fun yẹn tó ń fa omi mu nínú ìkòkò, bó ti kéré mọ. Kò wá sí mi lọ́kàn láti béèrè ohun tó máa fà mu tó bá dénú èèyàn tí kò sí omi nínú rẹ̀. Mo kàn ń da ìyẹ̀fun síwájú ni.

Lọ́jọ́ kejì, ọkàn mi ò balẹ̀ níbi iṣẹ́. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa nígbà ìsinmi ráńpẹ́, mo wọkọ̀, mo padà sílé. Bí mo ṣe ń wọ géètì, omi kán sí mi léjìká. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Mo gbójú sókè, omi mìíràn kán sí mi níwájú orí. Bákónì tèmi ni. Ọwọ́ ìyá mi ni mo rí, ó nà gbọọrọ láti orí àga, ó di ìgò omi mú, ó ń dà á sínú ìkòkò ẹfìnrín mi jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ní gbogbo ọjọ́ níwájú. Ẹfìnrín náà ti yó, ó ń tú èyí tó kù sí mi lórí. Ó sì rẹwà o. Gbogbo oṣù yẹn ni mo ti ń yìn ín.

Mo sáré gun àtẹ̀gùn.

"Màmá! Omi wo lẹ̀ ń dà nù yẹn?"

Wọn ò ta gìrì. "Ẹfìnrín ni mò ń bomi rin."

"Omi mímu yín?"

"Omi ni omi."

Mo figbe ta. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ sọ. Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kú sí mi lọ́rùn ni?" Aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró.

Ìyá mi gbé ìgò náà lé itan. Wọ́n wá ní, "Tí mo bá mu ún, màá tọ̀."

"Gbogbo ayé ló ń tọ̀, Màmá."

"Gbogbo ayé ń dá dìde ni. Èmi, mo ní láti pè ọ́."

"Kí ẹ pè mí nígbà náà! Kí ló wà nínú kí ẹ pè mí?"

"O pòṣé," ni ìyá mi wí.

Mo ní ìgbà wo. Wọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n dé. Mo ti wọ bàtà, mo ti gbé báàgì kọ́ èjìká, wọ́n pè mí. Mo sọ báàgì sílẹ̀, mo wá dì wọ́n lápá mú, mo pòṣé, mo gbé wọn dìde. Wọ́n sọ ọ́ báyìí, láìbínú, bí ẹni ń ka ìròyìn. Mo ronú títí, n kò rántí. Ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n ti gbé òṣé yẹn sọ́kàn fún oṣù mélòó kan, èmi tí mo pa á ti gbàgbé rẹ̀ kí n tó dé ibùdókọ̀.

Mo ní bóyá iná ni mo pòṣé sí, pé wọ́n ti lè mú iná lọ. Wọ́n ní ó lè jẹ́. Wọ́n ní àmọ́ apá àwọn ni mo dì mú nígbà náà.

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá rò ó padà, ìyá mi ò pè mí mọ́. Àsìkò tí mo bá bi wọ́n ni wọ́n máa ń lọ, wọ́n á ti dín omi kù kó lè bá àsìkò tèmi mu. Wọ́n ti ṣe tàìmù-tébù fún ìtọ̀ ara wọn. Tíṣà ni wọ́n.

Mo kúnlẹ̀ sórí bákónì, nínú omi tó dà sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ forí jì mí." Wọ́n ní kò sóhun tó ṣẹlẹ̀, kí n dìde, pé màá ba aṣọ iṣẹ́ mi jẹ́. Mo ní, "Màmá, ṣebí wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu." Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n, àwọn ni wọ́n kọ́ mi. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó bi òkété bóyá ó wù ú.

Kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ikùn parí sí kó lè kúrò nílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Mo dín ìyẹ̀fun àgbọn kù sí ṣíbí kan nínú ògì àárọ̀, nígbà tó yá, mo sọ ọ́ di méjì. Ọjọ́ kẹta, wọ́n gbọnsẹ̀ láìsí oògùn, láìsí igbe, inú mi dùn bíi pé ọmọ mi ló yege ìdánwò. Eèrí ni wọ́n ṣì ń pè é. Ọkùnrin ẹléwúrẹ́ ti béèrè ohun tó ṣe mí tí n kò bá a kó nǹkan pamọ́ mọ́.

Àmọ́ ọjọ́ tí omi kán sí mi lórí yẹn, n kò padà síbi iṣẹ́. Mo bu omi sínú ife, mo gbé e fún ìyá mi, mo sì dúró títí wọ́n fi mu ún tán. Mo tún bu òmíràn. Wọ́n mu ún, wọ́n ń wò mí lórí ife bí ọmọ tí wọ́n fún ní oògùn kíkorò. Mo wá wọ ilé ìdáná lọ, mo gbé ẹ̀wà kaná.

Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ohùn láti bákónì.

"Ẹ jọ̀ọ́ o."

Mo rò pé aránṣọ ló gòkè wá, pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Mo ń ro ẹ̀wà mi lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ráyè, ẹ bá mi dé ibí."

Mo yọjú láti wo àlejò wa. Kò sí àlejò. Ìyá mi nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n kọ ojú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n di apá àga mú lọ́tùn-ún lósì. Èmi ni wọ́n ń pè ní ẹ.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí. Ẹ, ọ̀dọ̀ àgbà ló ń lọ, ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ọ̀dọ̀ àjèjì tí èèyàn fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti wà láyé, ìwọ ni mò ń jẹ́ lẹ́nu obìnrin yìí. Ìwọ ni mo jẹ́ lọ́jọ́ tí mo ṣègbéyàwó, ìwọ ni mo jẹ́ lọ́jọ́ tí mo sin ọkọ mi. Omi bọ́ lójú mi, n kò tiẹ̀ nù ún.

"Màmá, ta lẹ̀ ń pè ní ẹ?"

Wọ́n wo orúnkún wọn. "Kí n má baà yọ ọ́ lẹ́nu ni."

Mo ní, "Ẹ yọ mí lẹ́nu. Ẹ pè mí bí ẹ ṣe ń pè mí tẹ́lẹ̀. N kò ní wá tí ẹ ò bá pè mí bẹ́ẹ̀." Mo padà wọ ilé ìdáná, mo dúró ti gáàsì, n kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀wà ń hó. Ó pẹ́ débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run, pé ṣé kì í ṣe pé mo tún ti ba nǹkan jẹ́ báyìí.

"Ìwọ ọmọ yìí!" Ohùn náà gba inú ilé kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ aránṣọ nísàlẹ̀. "Ṣé o fẹ́ kí n tọ̀ sára ni? Wá gbé mi, jàre!"

Mo sáré lọ.